Àwọn Ihò Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Kí Apple II tó jáde ní ọdún 1977, àríyànjiyàn ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Steve méjèèjì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lórí ihò ni o. Steve Jobs ní ihò méjì ti tó lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èkejì fún módẹ́ẹ̀mù. Kí lèèyàn tún fẹ́ fi ihò ṣe? Steve Wozniak, ẹni tó ya bọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀, ní mẹ́jọ lòun fẹ́, àti pé tí ìyẹn ò bá tẹ́ Jobs lọ́rùn, kó lọ wá kọ̀ǹpútà mìíràn. Ihò mẹ́jọ ló wà nínú Apple II nígbà tó dé ọjà.

Nígbà tí Macintosh dé ní 1984, ti Jobs ló ṣẹ. Kò sí ihò káàdì kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì fi òjé lẹ RAM rẹ̀, 128 KB péré, mọ́ bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n Burrell Smith tó ya bọ́ọ̀dù yẹn ti dọ́gbọ́n sí i: ó fi ojú wáyà kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé bí ṣíìpù tó tóbi bá dé, bọ́ọ̀dù kan náà lè gbé 512 KB. Kí ọdún yẹn tó parí, Apple fúnra rẹ̀ ti ń ta Macintosh 512 KB.

A ń sọ èyí nítorí ìbéèrè kan tí àwọn àbúrò máa ń bi wá, àwa tí a ń fi kódù jẹun: “Ẹ̀gbọ́n, owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí màá máa fi gbá géèmù, mo sì fẹ́ máa fi nǹkan kún un bí owó bá ṣe ń wọlé. Kí ni kí n rà?” Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ka orúkọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà fún un. Oṣù mẹ́fà sí i, gbogbo orúkọ yẹn ti di àtijọ́. Ó sàn kí èèyàn mọ ìdí tí àpótí yìí fi ṣeé fi nǹkan kún rárá, torí kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà. Onílé ti ṣe ìsàlẹ̀ tán, ó ti da kọnkéré lé e lórí, ṣùgbọ́n owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò tíì sí. Kò ní gé àwọn irin òpó yẹn. Á jẹ́ kí wọ́n yọrí sókè, kí òjò máa pa wọ́n, títí owó á fi dé. Ẹni tó gé irin rẹ̀ nítorí kí òrùlé lè dán, ó ti pinnu pé òun ò ní kọ́ òkè mọ́ láé.

IBM ló fi irin tó gùn jù sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni kọ̀ǹpútà wọn, IBM PC, jáde. Don Estridge ló ṣáájú àwọn tó ṣe é ní Boca Raton ní Florida. Bí ọdún kan péré ni wọ́n fún wọn, nítorí náà wọn ò ráyè ṣe gbogbo ẹ̀yà fúnra wọn. Wọ́n ra processor 8088 lọ́wọ́ Intel, wọ́n gba sọ́fítíwíà lọ́wọ́ Microsoft, wọ́n sì fi ihò márùn-ún sórí bọ́ọ̀dù. Èyí tó kéré jù jẹ́ dọ́là 1,565, pẹ̀lú RAM 16 KB, kò sì ní ojú amóhùnmáwòrán tiẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé wọ́n tún tẹ ìwé kan jáde tí yíyà bọ́ọ̀dù náà wà nínú rẹ̀ pátá, tó fi dé orí kódù BIOS. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe káàdì tó máa wọ ihò wọn, ó ti rí àlàyé kà.

Ó wá ku BIOS nìkan tí òfin ò jẹ́ kí ẹlòmíì dà kọ. Compaq, tí àwọn mẹ́ta tó kúrò ní Texas Instruments dá sílẹ̀ ní 1982, rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn kan ka kódù IBM, wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Àwọn mìíràn tí kò fojú kàn án rí wá fi àkọsílẹ̀ yẹn kọ tuntun. Látìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni ti lè ṣe PC, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní 1987, IBM gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn padà: ihò tuntun, Micro Channel, tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án pawọ́ pọ̀ ṣe ihò tiwọn, EISA, tó gba káàdì àtijọ́ wọlé. Ọjà ò tẹ̀lé IBM mọ́. Tiwa ni pé ó tọ́ sí wọn, jàre.

Géèmù ni kò wá jẹ́ kí ihò ṣófo. Doom jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1993. 386 lè gbé e, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó máa sáré gbọ́dọ̀ ní 486. Ní 1996 ni ilé-iṣẹ́ 3dfx gbé káàdì Voodoo jáde, èyí tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Voodoo ò lè ṣe nǹkan kan bí kò ṣe àwòrán 3D. Kò ní kí ẹ yọ káàdì àtijọ́ yín. Ẹ máa fi í sínú ihò tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà kan á jáde láti ara káàdì àtijọ́ wọ inú Voodoo, òmíràn á ti ara Voodoo lọ sí ojú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ń tẹ̀wé, ti àtijọ́ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí Quake, Voodoo á gbà á. Ohun tí èèyàn ti ná owó lé lórí ò ṣòfò.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Intel ta Celeron 300A ní dọ́là 149. MHz 300 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìta gbé iyara bọ́ọ̀dù láti 66 lọ sí 100, ó sì ń sáré 450, bí processor olówó ńlá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́.

ATX tí Intel ṣe ní 1995 ò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń gba tálákà là jù. Ó sọ ibi tí ihò skúrù máa wà lára bọ́ọ̀dù àti bí power pack ṣe máa tóbi tó, gbogbo ayé sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí kéèsì ẹ̀gbọ́n yín fi lè gba bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe lánàá.

Ìjà irin òpó ò tíì parí o. Ní 2017, Intel mú processor tuntun wá tí ojúbọ rẹ̀ ń jẹ́ LGA1151 gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún tó ṣáájú, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ọdún yẹn. AMD ní tiẹ̀ gbé AM4 jáde ní 2016, nígbà tó sì di 2022 ó ṣì ń ṣe processor tó dára, 5800X3D, fún ojúbọ kan náà. Kì í ṣe àánú lásán: ní 2020 wọ́n fẹ́ já àwọn bọ́ọ̀dù 400 jù sílẹ̀, àwọn oníbàárà figbe ta, wọ́n sì yí ohùn padà.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì burú. Ihò PCI Express lè fún káàdì ní iná tó tó wáàtì 75, GTX 750 Ti tó jáde ní 2014 ò sì nílò ju 60 lọ, kò nílò wáyà mìíràn. Kẹ́ ẹ kàn ṣọ́ra: púpọ̀ nínú àpótí ọ́fíìsì ni power pack wọn ò tẹ̀lé ATX, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ò sì gba káàdì tó ga. Irin tí wọ́n ti gé nìyẹn. Ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tí a tò fún àbúrò ọ̀kan nínú wa, bọ́ọ̀dù B450 tó ní ihò RAM mẹ́rin la fi bẹ̀rẹ̀. Ryzen 5 2600 tokunbo, RAM 8 GB méjì, káàdì RX 580 tokunbo. A ní kí ontàjà fi géèmù dán káàdì náà wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú wa, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti fi wa owó kírípútò tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yà kan ṣoṣo tí a ní kó má ra tokunbo ni power pack: wáàtì 550, tuntun, lẹ́yìn UPS. Àbúrò kùn, ó ní owó yẹn ì bá ra káàdì tó le jù. A ò dá a lóhùn. NEPA mú iná lọ nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ tí a tò ó, ó sì dá a padà pẹ̀lú agbára.

Ihò RAM méjì ṣì ṣófo nínú rẹ̀. Ó ti wo BIOS tó máa jẹ́ kó gba 5800X3D, ó ti fi sí i. Àjọ rẹ̀ máa kàn án lóṣù kẹta sí èyí.