Dìgírì Òfin Lórí Dìgírì Mìíràn: Bó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Àwọn tó ń nájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Oṣòdì lè má mọ̀ pé ọ́fíìsì rélùwéè ni ọ̀kan nínú àgbà amòfin Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé òfin. Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1914, wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1935. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá wọn ṣírò owó. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé ló kàn. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba ẹni tí kò tíì tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí láyè láti kàwé nílé kó sì jókòó ṣèdánwò. Ọ̀nà yìí ló gbà ka ìwé B.A., tó sì fi òfin kún un. Ó gba B.A. ní 1944, LL.B. ní 1946, LL.M. ní 1947, ó sì di Ọ̀mọ̀wé ní 1949. Ní 1982, ó di ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague.

Ọ̀nà kan náà ni Ọbafẹ́mi Awólọ́wọ̀ tọ̀. Òwò ló ń ṣe n'Íbàdàn nígbà tó ń kàwé B.Com., ó gbà á ní 1944, ó sì gba Lọ́ńdọ̀nù lọ lọ́dún náà. Nígbà tó fi di 1946, ó ti di lọ́yà.

Báwo ni èèyàn ṣe ń pa ẹ̀kọ́ dìgírì àti ẹ̀kọ́ lọ́yà pọ̀ nígbà náà? Láti ìgbà Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó di lọ́yà ní 1879, dìgírì kọ́ ló ń sọni di lọ́yà. Inn ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, á ṣèdánwò, á sì jẹ iye oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, oúnjẹ jíjẹ wà lára ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì lọ́sàn-án lè jẹun ní Inn lálẹ́.

Ìgbìmọ̀ Unsworth, tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ lọ́yà ní 1959, ló yí i padà: ó ní kí lọ́yà kọ́kọ́ gba dìgírì òfin, kó sì kọ́ òfin ilẹ̀ wa. Yunifásítì Èkó àti ti Ifẹ̀ dá ẹ̀ka òfin sílẹ̀ ní 1962, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà sì ṣí l'Ékòó ní 1963. Ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilẹ̀kùn tí akọ̀wé rélùwéè gbà wọlé ni wọ́n tì. Àwọn tó kàwé òfin ní National Open University, níbi tí èèyàn ti lè kàwé nílé, mọ̀ ọ́n lára: wọn kò rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà wọ̀, títí ìjọba fi tún òfin yunifásítì náà ṣe.

L'Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan so JD, dìgírì òfin wọn, mọ́ MBA, dìgírì ìṣàkóso òwò, kí ohun tí ìbá gba ọdún márùn-ún lè parí lọ́dún mẹ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kan ló ń tẹ̀lé èkejì. Ará Ìsọlọ̀ tó ti ní dìgírì lè gba Direct Entry: ọdún mẹ́rin dípò márùn-ún, kó tó wá kan ọdún kan nílé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Láti Oṣòdì, bóyá kó wọkọ̀ Yaba lọ sí Yunifásítì Èkó l'Akọka, tàbí kó wọkọ̀ Mile 2 kó tó forí lé LASU l'Ọ̀jọ́. Kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá Council of Legal Education, tó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, fọwọ́ sí yunifásítì náà, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á láyè láti mú.