Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Èrò Kan Nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ní ìhà gúúsù ọ̀sà Ébrié, ní ìlú Abidjan, ni ọjà ńlá Treichville wà. Orúkọ Marcel Treich-Laplène, ará Faransé tí ó kú ní ọdún 1890, ni a fi sọ àdúgbò náà. Àwọn Yorùbá, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ayé ìjọba Faransé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri, kí ó wo aránṣọ kan nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà a ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ó wù ú, a sì gbé e tọ aránṣọ wá. Aránṣọ kì í wádìí ibi tí aṣọ ti wá. Bí ó bá ti jẹ́ aṣọ tí abẹ́rẹ́ ń gún, ó tó. Bí aláṣọ kan bá kógbá sílé lónìí, aránṣọ kò ní fi ebi sùn. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti búra pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ni òun yóò ti máa ra aṣọ fún gbogbo oníbàárà, ọjọ́ tí ìsọ̀ náà bá tì ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò dákẹ́.

Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ni ó bá àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ní Oslo, olú-ìlú Nọ́wè, ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè Simula, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣàfarawé ìṣẹ̀lẹ̀ ayé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn tí ń tò sórí ìlà. Nínú Simula 67 ni a ti rí ohun tí a ń pè ní object: ẹ̀yà ètò tí ó ní ìmọ̀ tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀, bí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ti ní ìsọ̀ tirẹ̀. Alan Kay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èrò náà gbòòrò nínú Smalltalk ní Kalifọ́níà láàárín ọdún 1970 sí 1980; èdè C++ àti Java, tí ó jáde ní 1995, sì gbé e ká ayé.

Ṣùgbọ́n kò sí object tí ó lè dá iṣẹ́ ṣe. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá èyí tí ó nílò, nípa ọ̀rọ̀ kékeré nì, new. Ìrọ̀rùn yìí kì í tọ́jọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, a dín iye owó CFA kù sí ìdajì: 50 ni ó ti ń ra ẹyọ owó Faransé kan, ó sì di 100. Ọjà Faransé tí ó jẹ́ 5,000 CFA di 10,000. Ká ní ètò ìṣirò oníṣòwò kan wà nínú èyí tí object kọ̀ọ̀kan ti dá ìwọ̀n pàṣípààrọ̀ tirẹ̀, a óò ní láti wá gbogbo wọn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbàgbé ẹyọ kan, oníṣòwò yóò máa ta ọjà ní ìlàjì owó tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, títí owó òwò yóò fi tán.

Ní ọdún 1994 kan náà ni Erich Gamma, Richard Helm, Ralph Johnson àti John Vlissides tẹ ìwé Design Patterns jáde. Nínú ọgbọ́n 23 tí wọ́n kó jọ, méjì jẹ mọ́ factory, èyíinì ni pé kí a fi iṣẹ́ àtidá àwọn object mìíràn sí ọwọ́ ẹni tí ó yàn án láàyò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: ta ni yóò mú factory náà wá? Bí object bá tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ, ìdè kò tíì já. Ní 1996, Robert C. Martin kọ́ni pé iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ gbára lé ohun kéékèèké. Àdéhùn ni kí àwọn méjèèjì jùmọ̀ gbára lé. Ní oṣù kìíní ọdún 2004 ni Martin Fowler fi orúkọ náà, dependency injection, lọ ayé: kí a máa gbé ohun tí object nílò wá fún un láti òde, bí oníbàárà ti ń gbé aṣọ fún aránṣọ.

Ó rọrùn láti rò pé ọjọ́ factory ti pé nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ kò lè mọ̀ ní òwúrọ̀ iye ẹ̀wù tí yóò rán títí di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àwọ̀ bọ́tìnnì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ta ni ó lè kó wọn lé e lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ohun tí ó tọ́ ni kí ọ̀gá fi ọmọ-iṣẹ́ kan tí ó mọ ọjà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa rán an bí iṣẹ́ bá ti dé. Ọmọ-iṣẹ́ náà ni factory. Fífi tí ọ̀gá fi í tì í ni injection. Bákan náà ni ètò ìṣirò: a kò lè gbé rìsíìtì tí a kò tíì kọ fún un, ṣùgbọ́n a lè fún un ní ẹni tí yóò máa kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó ọjà. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Java fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà injection ní 2009, wọ́n fi Provider sí i, àdéhùn kékeré tí object fi lè béèrè ohun kan ní àkókò tí ó bá nílò rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan ni kí a yan fún ọmọ-iṣẹ́. Bí ó bá di ẹni tí a lè rán sí ohunkóhun nínú ọjà, ẹni tí ń wò láti òde kò ní mọ ohun tí aránṣọ gbára lé mọ́, ìdè àtijọ́ yóò sì tún yọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a rán ọmọ-iṣẹ́ lọ wá ohun tí ó ti wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀.

Ohun tí a mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a gbé e fún òṣìṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ nìkan lè fi hàn, kí a fún un ní ẹni tí yóò rán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ètò tí ó bá gbàgbé èyí, ọjọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ kan ṣoṣo bá dí ni ọjà yóò tú mọ́ ọn lórí.