Aránbàtà Tó Ṣe Onídùúró fún Ọ̀mùtí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, wọ́n mú ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ti di àkísà wọ ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ọ̀mùtí paraku ni. Ẹ̀wọ̀n ló sì kọjú sí. John Augustus, aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, bá a sọ̀rọ̀, ó sì ṣe onídùúró fún un. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní mutí mọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrísí rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ìtanràn sẹ́ǹtì kan péré, pẹ̀lú owó ẹjọ́, ni adájọ́ bù fún un.

Kí Augustus tó kú ní ọdún 1859, àwọn tó dúró fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2,000, tọkùnrin tobìnrin àti ọmọdé. Kì í dúró fún ẹnikẹ́ni láìwádìí ìwà rẹ̀ àti irú àwọn ènìyàn tó yí i ká. Lẹ́yìn èyí, a máa wá ibùgbé àti iṣẹ́ fún wọn, a máa rán àwọn ọmọdé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a sì máa jábọ̀ fún ilé-ẹjọ́. Inú àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ń ti ara ẹlẹ́wọ̀n wọlé fún kò dùn sí i.

Ní ọdún 1878, òfin Massachusetts fàyè gba yíyan òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbowó oṣù fún iṣẹ́ yìí ní Boston. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1907 pa á láṣẹ pé kí alábòójútó gba ẹlẹ́ṣẹ̀ níyànjú, kí ó ràn án lọ́wọ́, kí ó sì bá a ṣọ̀rẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìjìyà tí kò mú ẹ̀wọ̀n dání.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè dá ṣe iṣẹ́ aránbàtà náà. Ẹni tí alábòójútó ń ka ọjọ́ rẹ̀ lásán, tí kò rí ibi sùn, tí kò ríṣẹ́ ṣe, tí àwọn ẹbí sì ti kẹ̀yìn sí, kò ní pẹ́ padà síwájú adájọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Òfin ti gbé ọwọ́ òsì; ọwọ́ ọ̀tún kù sọ́wọ́ ẹbí, aládùúgbò àti agbanisíṣẹ́.