Láti Inú Ẹ̀kù Apidán Dé Inú Sinimá

Ní Abúlé Ẹ̀gbá tí mo ń gbé, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọ̀rẹ́ mi kan wí fún mi pé àlejò ni sinimá lọ́dọ̀ wa, pé òyìnbó ló gbé e wá, a kò sì lè pè é ní iṣẹ́ ọnà tiwa. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ààbọ̀ òótọ́ ni ó sọ.

Lóòótọ́, ìlú Paris ni àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ti fi àwòrán tí ń rìn han àwọn tí ó sanwó ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọdún 1895. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, irú rẹ̀ dé Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lásán ni àwọn Lumière sábà máa ń yà: ọkọ̀ ojú irin, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Georges Méliès, ẹni tí ń pa idán tẹ́lẹ̀, ni ó dá ẹ̀rọ dúró, tí ó pààrọ̀ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ó sì tún ń yà á lọ. Lójú òǹwòran, nǹkan kan di òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé àjèjì ni irú idán bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Kí sinimá tó dé ni eégún apidán ti ń wọ inú ẹ̀kù, tí ń di erè, tí ń di ọ̀nì. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì ń gbé e ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn bí àwọn alárìnjó. Nígbà tí ó gbé Aiyé jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀, ohun tí orí ìtàgé kò lè fi hàn nínú ìjà àjẹ́ àti oníṣègùn, ẹ̀rọ fi í hàn. Àlejò ni ẹ̀rọ. Ọmọ ilé ni eré.

Ewu tí mo rí kò sí lọ́dọ̀ àlejò, ọ̀dọ̀ àwa onílé ló wà. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, náwó nára sí Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi mọ Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 1922 + 100, èyíinì ni 2022. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè Àjàní Ògún, tí Adéyẹmí Afọláyan, bàbá rẹ̀, ṣeré nínú rẹ̀ ní 1976, wọ́n ń wojú ara wọn.

Bí apidán bá bọ́ ẹ̀kù, kì í sọ ọ́ nù. A ká a, a fi í pamọ́ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wá àwọn fíìmù wọ̀nyí rí, kí a tọ́jú wọn bí a ti ń tọ́jú ìwé. Ọmọ tí kò bá rí ẹ̀kù bàbá rẹ̀ yóò gbà pé àlejò ni eégún.