Ilé Oúnjẹ ní Ìbàdàn, Ilé Ọtí ní Òṣogbo: Ta Ló Ni Mbari?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní búkà kan lọ́kàn. Ibẹ̀ la ti ń jẹ àmàlà, ibẹ̀ náà la ti ń jiyàn, ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ewì ti ń kà á sétí ẹni tí kò bi í. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa bá dé orí ìtàn lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí, wọ́n á dárúkọ Mbari. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ ni, wọ́n á ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni, wọ́n á ní ilé ìpàtẹ àwòrán ni. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ilé oúnjẹ ni ilé Mbari ti Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ilé ọtí sì ni ti Òṣogbo. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣí ibi méjèèjì, iyàn lórí wọn kò sì tíì tán. Lójú tiwa, ẹni tó bá gbàgbé pé ibi ìjẹ àti ìmu ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní rí gbòǹgbò iyàn náà.

Ẹ jẹ́ ká ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé ilẹ̀ wa ní 1950 láti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́léèjì Ìbàdàn. Ní 1961, òun àtàwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Ezekiel Mphahlele, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ilé tí wọ́n rí gbà kò jìnnà sí ọjà Dùgbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù ló ti ń ta oúnjẹ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbàlá ilé oúnjẹ di ibi eré, ara ògiri di ibi tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́. Achebe ló mú orúkọ wá: àwọn Ìgbò agbègbè Òwèrrì a máa kọ́ ilé mbari fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀, wọn a fi amọ̀ mọ ère kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá parí rẹ̀ tán, wọn kì í tún un ṣe mọ́, wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò. Iṣẹ́ ṣíṣe náà gan-an ló ṣe pàtàkì lójú wọn.

Láti ilé yẹn ni ìwé ti jáde. Ní 1962, Mbari tẹ *Heavensgate* ti Okigbo àti *A Walk in the Night* ti Alex La Guma. Ní 1963, wọ́n tẹ eré mẹ́ta ti Ṣóyínká pọ̀ sínú ìwé kan. Kékeré kọ́ nìyẹn fún ibi tí wọ́n ti ń ro ọbẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn, ọmọ yunifásítì tàbí ẹni tó sún mọ́ yunifásítì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá aláta tó wà ní Dùgbẹ̀ lè gbọ́ ariwo wọn láti ibi ìsọ̀ rẹ̀, kó má mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, ọwọ́ Dúró Ládiípọ̀ ló sì ti yí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n ìdílé onílù ni wọ́n ti wá, bàbá àgbà rẹ̀ sì ń bọ Ṣàngó. Dúró di tíṣà. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ bínú: ìlù òrìṣà nìyí, kí ló ń wá nínú ilé Ọlọ́run? Àwọn mìíràn rí i pé orin náà dùn, pé Yorùbá ni wọ́n, pé ìlù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìjà náà ló mú kí Dúró máa wá ibòmíràn. Lọ́dún yẹn kan náà, ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ sí Mbari ní Ìbàdàn. Ohun tó rí níbẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn: ibì kan tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í ṣe ilé ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò ní ní kí onílù jáde.

Dúró ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo, Popular Bar ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹta 1962, ó yí i padà sí Mbari ti Òṣogbo, ó sì fi eré tirẹ̀, *Ọba Mòrò*, ṣí i. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Òṣogbo wo ilé, wọ́n wo orúkọ Ìgbò tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì yí i sí èdè tiwọn: Mbari Mbayọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó yan orúkọ yìí. Ẹnu àwọn tó ń kọjá lójú títì ló ti wá.

Ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín ibi méjèèjì. Ní Òṣogbo, ojú pópó ni, àárín àwọn aládùúgbò ni, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ lórí ìtàgé. Ní 1963, Dúró gbé *Ọba Kòso* jáde. Nígbà tó di 1964, eré náà ti dé Berlin, nígbà tó sì di 1965, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Bàtá tí wọ́n kò fẹ́ gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ará Yúróòpù ń sanwó láti gbọ́. Ìyẹn kò sì mú kí gbogbo ènìyàn gbà pé Dúró ló jàre. Títí dòní, a ṣì ní ọ̀rẹ́ nínú kíláàsì tó gbà pé ohun tó bá ti kan Ṣàngó, kí Kristẹni sá fún un. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù kan náà ló wà nínú ìjọ ní 1961, èèyàn gidi ló sì ń bà.

Iyàn kejì dá lórí àwòrán. Láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Mbari Mbayọ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní 1964, Georgina Beier gbà á. Ta ni wọ́n kọ́? Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, òṣèré àti onílù ni. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná ìtàgé. Twins Seven-Seven ń bá àwọn ológùn kiri, ó ń jó kí èrò lè pé lé wọn lórí, títí tí ijó fi gbé e wọ Mbari Mbayọ̀ ní 1964. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó dùn mọ́ àwọn kan nínú gan-an ló bí àwọn mìíràn nínú. Lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà gboyè sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ kò lè sọ èèyàn di ayàwòrán. Wọ́n ní ohun tí òyìnbó fẹ́ràn ni àwọn Beier ń wá: Áfíríkà tí kò kàwé, tó ń lá àlá iwin àti òrìṣà. Wọ́n ní òkè òkun ni ọjà àwòrán náà wà, pé ará Òṣogbo kì í rà á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owú lásán. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin jókòó ní Zaria, tó tún rí i pé ọ̀dọ̀ oníjó ni àwọn àlejò ń sáré lọ, ó ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bruce Onobrakpeya, tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Zaria, wà lára àwọn tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ títẹ àwòrán tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Òṣogbo, iṣẹ́ títẹ àwòrán ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹni tó gboyè àti ẹni tí kò gboyè jọ fọwọ́ kan íńkì kan náà.

Iyàn kẹta le jù, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni. Àjọ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris, wà lára àwọn tó fún Mbari Ìbàdàn lówó. Mphahlele ló ń darí ẹ̀ka Áfíríkà àjọ náà. Ní 1966 àti 1967, àṣírí tú nínú ìwé ìròyìn pé CIA, àwọn olóòótẹ́lẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló wà lẹ́yìn owó náà. Àwọn kan ní gbogbo ohun tí Mbari ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn ní kò sí ẹni tó sọ ohun tí Okigbo máa kọ fún un, pé Mbari yìí kan náà ló tẹ ìwé La Guma àti Dennis Brutus, àwọn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ń fìyà jẹ. Lójú tiwa, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìwé náà dára, wọ́n sì tan àwọn tó kọ ọ́ jẹ. Ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí yẹ kó mọ ìtàn yìí, kó sì béèrè ibi tí owó ti wá kó tó ná an.

Ó wá ku iyàn tó bí àkọlé wa: ta ló ni Mbari? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, Ulli Beier ni orúkọ tó ṣáájú. A kò fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́, ó kọ ìwé, ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n Beier kúrò nílẹ̀ wa nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1966 dé, ó gba Papua New Guinea lọ. Ogun sì gbé Okigbo lọ ní 1967. Dúró kò lọ, ó ń ṣeré títí tó fi kú ní 1978. Ká má sì gbàgbé ohun tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀: ilé ọtí ni, ohun tí ọkùnrin fi ń wá owó oúnjẹ. Ẹni tó bá ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí rí mọ̀ pé owó ń wọlé níbẹ̀ lálaalẹ́. Owó wo ló ń wọlé láti ara àwòrán tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n? Àwọn tó ń jiyàn lórí CIA àti lórí ìtọ́wò òyìnbó kì í sábà ka ìnáwó tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ilé ọtí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fò kọjá. Ìjọ ti ní ìlànà tirẹ̀ nípa ìlù tó lè wọlé. Yunifásítì ní ìlànà tirẹ̀ nípa ẹni tó lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Ilé ọtí ojú títì kò ní ìlànà bẹ́ẹ̀. Oníjó ológùn kò lè wọ kíláàsì ní Zaria, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má wọ Popular Bar. Àṣà ẹnu ọ̀nà yẹn ni Dúró kò yí padà nígbà tó yí orúkọ padà. Àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé ló gbé orúkọ Òṣogbo lọ sí ilé ìpàtẹ àwòrán káàkiri ayé, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven ṣe oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà, ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi ijó polówó àgbo.

Nítorí náà, nígbà míì tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó àwọn búkà tó yí ọgbà ilé ìwé kan ká nítorí pé wọn kò dára ní wíwò, a ní ìbéèrè kan tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè: àwọn wo ló ń wọlé síbẹ̀ tí wọn kò lè wọ ibòmíràn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ṣáájú wa, ẹ ti jẹun níbi tí a kò mọ̀, ẹ sì mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wó o.