Igbó Láàárín Ìgboro

Yorùbá kì í fi inú dídùn sọ pé ilé kan ti di igbó. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé onílé ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, kò sì sẹ́ni tó ń fi àdá kan ẹ̀yìnkùlé mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi èdè wa ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Prospect Park, ní Brooklyn, yóò ti ko ìṣòro kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Ọgbà ìgbafẹ́ éékà 526 ni, ilé àti títì ló yí i ká, èrò kì í sì í dá níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń náwó kí apá kan ibẹ̀ lè di igbó. Ta ni yóò gbọ́ ọ ní Ìbàdàn tí kò ní béèrè pé kí ló ṣe wọ́n?

Ẹni tó bá gbé ìwé atúmọ̀ lé orókùn yóò kọ "ìmúpadàbọ̀sípò ibùgbé àdánidá". Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó dún, kò sì sí àgbẹ̀ tó máa mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. "Títún igbó ṣe" yé àgbẹ̀, ṣùgbọ́n òdì ló máa yé e: igbó tí a tún ṣe lédè wa, igbó tí a ti ṣán ni. Èmi fara mọ́ "sísọ igbó jí". Ohun tó dákú là ń sọ jí, a kò sì ṣèlérí pé yóò rí bó ṣe rí láyé ìjọ́hun. Ìlérí yẹn kò tiẹ̀ ṣeé mú ṣẹ níbí. Olmsted àti Vaux, àwọn tó ya àwòrán ọgbà náà, kó ilẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, wọ́n gbẹ́ adágún; iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i fún èrò lọ́dún 1867. Omi ẹ̀rọ ìlú ló ń ṣàn nínú odò ibẹ̀ títí dòní. Èròjà fọ́síféètì tí wọ́n ń fi sínú omi náà kí òjé ara páìpù má bàa ba ohun tí aráàlú ń mu jẹ́, òun kan náà ló ń bọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń bo ojú adágún. Ipò wo ni a fẹ́ dá irú odò bẹ́ẹ̀ padà sí?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ, nítorí àwọn àgbẹ̀ ti bá wa ṣe é sílẹ̀. Nígbà tí Prospect Park Alliance, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ìlú bójú tó ọgbà náà láti 1987, dojú kọ igbó ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ ilẹ̀ le koránkorán. Òjò kò rí ibi wọlẹ̀. Ó di àgbàrá, ó ń gbá ilẹ̀dú lọ sínú omi. Ohun tó fà á ni àbùjá. Gẹ̀ẹ́sì fi ìfẹ́ ọkàn arìnrìn-àjò sọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Tiwa sọ ohun tó fẹsẹ̀ ṣe, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Wọ́n sé ibẹ̀ mọ́ èrò kí ilẹ̀ lè sinmi. Ó ṣe mí bíi kí n pè é ní igbó àìwọ̀. Ṣebí ẹ̀bá ìlú ni igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, èèwọ̀ ló sì dá a sí. Ṣùgbọ́n òrìṣà kọ́ ló ni ọgbà Brooklyn, wáyà lásán ni wọ́n nà. "Igbó tí a sé" ti tó.

Ní ti ẹyẹ, "ibùgbé" kò bá a mu rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹyẹ tó ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, oúnjẹ ni wọ́n yà jẹ, ìrìn àjò wọn ṣì jìn. Àwọn alájàpá tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà ló fún wa ní "ibùsọ̀".

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni igi. "Ìbílẹ̀" ti wọ agbo oògùn lọ: ẹ pe "ewéko ìbílẹ̀", àgbo ni òǹkàwé máa rántí. Mo fi "àbáláyé" ṣe àwòkọ́ṣe láti ṣẹ̀dá "àbánílẹ̀", igi tí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ bá nílẹ̀. Èyí tó tòkèèrè wá, àlejò ni. Ṣùgbọ́n kí a má pe gbogbo àlejò ní ọ̀tá, torí àlejò ni àgbàdo, àlejò ni ẹ̀gẹ́, Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti wá. Láti Amẹ́ríkà náà ni ewé Akíntọ́lá ti wá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, ìyẹn sì ń gba oko lọ́wọ́ olóko. Irú èyí ni mo ń pè ní "ajẹgàba". Ajẹgàba ti Brooklyn ni igi mépù ilẹ̀ Nọ́wè: ó ń tètè yọ ewé, kì í tètè wọ́wé, òjìji rẹ̀ sì ki débi pé ọmọ igi mìíràn kì í rí oòrùn. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ìjì Sandy ti wó igi lọ́dún 2012, igbó ajẹgàba gba ilẹ̀, ni wọ́n bá kó ewúrẹ́ dé lọ́dún 2016 láti jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ kò bèèrè ìtumọ̀.

Àwọn kan á fẹ́ pe àbánílẹ̀ ní "alálẹ̀hù". Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ n kò gbà á. Ọmọ mépù Nọ́wè náà ń lalẹ̀ hù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé èso rẹ̀ wọgbó, láìsí ẹni tó gbìn ín. Igi óákù tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gan-an, ọwọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń gbìn ín nígbà mìíràn, lẹ́yìn tó bá ti fa mépù tó lalẹ̀ hù tu.