Wọ́n Jagun, Wọ́n Kọ Owó



Lọ́dún 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ ní Amẹ́ríkà nítorí ọ̀ràn ẹrú, àwọn aláwọ̀ dúdú fi tinútinú wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54th Massachusetts. Dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Nígbà tí owó dé, 10 ni. Wọ́n tún fẹ́ yọ 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ogun ní àwọn ò gbà! Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní òun á fi ìyókù kún un, wọ́n tún kọ̀: ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe àánú.

Ní July 18 ọdún 1863 yẹn, wọ́n kọlu odi Fort Wagner. Nínú nǹkan bí 600 tó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù. Ọ̀gá wọn, Shaw, kú síbẹ̀. Carney fara gbọgbẹ́, kò jẹ́ kí àsíá fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ní September, ọ̀kan nínú wọn, James Henry Gooding, kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Lincoln pé kó san owó ọmọ ogun fún àwọn. Ní June 1864, òfin gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kówó tó dé, Gooding ti kú sẹ́wọ̀n ọ̀tá ní Andersonville.

Ẹ̀yin tíṣà wa tẹ́ ẹ ti dúró de owó oṣù rí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí yé jù.